Ọ̀bẹ Tí Kò Lè Bó Ọsàn

Ìgándò, Sátidé, oṣù Kejìlá 1991

Ọsàn kan ṣoṣo ló ba ọjọ́ mi jẹ́.

Ìyá mi dé láti Èkìtì lánàá. Ọsàn tí Bàbá gbìn sẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó kú ni wọ́n kó wá. Láàárọ̀, mo yọ ọ̀bẹ tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun: ó dúdú, ó nípọn, ó léyín bí ayùn, bíi tàwọn sójà inú fíìmù.

"Fẹ́mi, ta lo fẹ́ lọ bá jagun?" Ìyá mi ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń bó ọsàn kan lọ. Ọ̀bẹ náà ò bó èèpo, ṣe ló ń fà á ya. Omi ọsàn ṣàn dé ìgúnpá mi, kò ku nǹkan téèyàn lè mu.

Ọ̀bẹ kékeré Bàbá tí mo jogún, èyí tó ń ká wọnú èèkù onígi! Wọ́n ti pọ́n ọn títí tó fi tín-ín-rín. Èèpo kì í já títí wọ́n á fi bó ọsàn tán. Àwa ọmọ á wá fi kọ́rùn. Ọ̀bẹ yẹn kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni kò ṣe?

"Ọ̀bẹ bàbá rẹ dà?"

"Ó wà ní ọ́fíìsì, mà."

Irọ́ ni. Ọjọ́ tí tuntun dé ni mo fi í ta ọkùnrin tó ń bá mi tún rédíò ṣe ní Ìdímù lọ́rẹ. Fáàrí ṣá! Mo sáré lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Télọ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí, kò mọ ibi tí onírédíò yẹn kó lọ.

Nígbà tí mo délé, Ìyá mi ti ka ọsàn yòókù padà sínú àpò.

"Ó di Mọ́ńdè tí o bá mú ọ̀bẹ dé. Kí o bó o fún mi bí bàbá rẹ ṣe máa ń bó o."