Táǹkì Tó Ní Ìwọ̀n Tirẹ̀

Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn,
Oṣù Kọkànlá, 1996.

Sẹ̀gilọlá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń dùn mí díẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run Ọba fi àlàáfíà bò ọ́ níbi tí o wà. Yẹ̀kínì, ọmọ àbúrò mi, ni mo ń pe ọ̀rọ̀ yìí fún kó máa kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ti ara rẹ̀ kún un.

Nígbà tí o sọ pé ilé iṣẹ́ òróró yín fẹ́ gbé ọ lọ sí Kàdúná, mo ní rárá, ọmọ mi obìnrin tí kò tíì lọ́kọ kò ní dá gbé òkè Ọya. O ní kí n kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ rẹ ná. Mo wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n rárá náà ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo wọlé. Kódà Ọlábọ̀wálé tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ rí i lójú mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ wá kó ẹrù ọ̀gá wa ni?" Mo ní kó bá mi wá àpò.

O jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, o sì fi ohun tí o pè ní àwòṣe hàn mí. Inú rẹ̀ ni o kọ gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ mọ̀ nípa táǹkì kan sí: ibi tí òróró gbọ́dọ̀ mọ, ìgbà tó yẹ kí aago ké, ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Táǹkì yòówù tí ẹ bá gbé dé, inú àwòṣe náà ni yóò ti mú ìwà rẹ̀. Òróró tuntun tó máa ń hó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ti dé lọ́jọ́ náà, ó sì yẹ kí aago máa tètè ké kó tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Èmi rò pé ẹ óò máa bá táǹkì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. O yí i lójú kan ṣoṣo nínú àwòṣe náà, gbogbo táǹkì sì gbà. Ọmọ mi, orí mi wú.

Àfi táǹkì àtijọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni kò yí padà. Mo ní, "Èyí ń ṣoríkunkun, ṣé o ò ní bá a wí ni?" O rẹ́rìn-ín, o ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, èmi ni mo fún un ní ìwọ̀n tirẹ̀. Tí mo bá fipá mú un wọ ti àwọn yòókù, irọ́ ni yóò máa pa fún wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ, tí mo sì fẹsẹ̀ rìn gba abẹ́ Mápó wálé. Àwòṣe kan ni mo fi tọ́ gbogbo ẹ̀yin ọmọ mi: ẹ mọ oko, ẹ mọ ìrun, ẹ má sì gbé ibi tí ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ gbà á, ó sì yẹ wọ́n.

Máa lọ sí Kàdúná. N kò sọ pé ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀ kò dára o. Fún àwọn yòókù, ó dára. Ìwọ ní ìwọ̀n tìrẹ, èmi baba rẹ ni mo sì fi í fún ọ.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí o bá níbẹ̀ yóò fi ọ́ ṣe ọmọ. Àmín.

Èmi ni baba rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Sàláúdéènì.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù: Ìyá rẹ ti ra kúbùsù tó nípọn fún ọ ní Ọjà'ba nítorí òtútù Kàdúná. Nígbà tí mo bi í ìgbà tó rà á, ó ní láti ọjọ́ tí mo ti sọ pé rárá ni.