Ohun Tí Jóṣúà Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Èmi, Ìrètí Ẹniọlá Odùkálẹ̀, aránṣọ, tí mo ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni mo ń pín ohun ìní mi báyìí. Inú ẹ̀jẹ̀ mi ni àìsàn wà. Orí mi pé. Taslimah ọ̀rẹ́ mi ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ.

1. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Adéníji Adélé di ti ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi Jóṣúà kò gbọdọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ì báà ṣe láti tún iná ṣe.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú mi, àwọn dókítà ń wádìí bóyá bí wọ́n bá fi oògùn tuntun kún èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, yóò ran àwa tí ọjọ́ orí wa kò tíì lọ lọ́wọ́. Mo bi wọ́n léèrè títí ó fi yé mi, mo sì gbà. Jóṣúà lọ bá wọn lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ẹ yọ orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi kì í ṣe eku tí ẹ ó máa dán oògùn wò lára rẹ̀." Wọ́n ní èmi nìkan ló lè yọ ọ́. Ló bá sọ fún ìyá wa pé mo ti ta ara mi. Ìyá wa kò wá wò mí títí ìtọ́jú náà fi parí. Èyí ni n kò forí jì í.

2. Ẹ̀jẹ̀ mi àti mùdùnmúdùn inú egungun mi tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí náà di tiwọn. Bí Jóṣúà bá wá béèrè wọn lórúkọ ẹbí, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

3. Kí Taslimah mú àwọn ewúrẹ́ mi. Jóṣúà máa ń ta wọ́n nípàá bí inú bá ń bí i sí mi.

4. Máṣíìnì ìránṣọ mi di ti Hussainat, tí a jọ wà nínú ìwádìí náà. Kọ̀ǹpútà ló pín wa, kì í ṣe dókítà ló yàn: èmi gba oògùn tuntun mọ́ ti àtijọ́, òun gba ti àtijọ́ nìkan. Ara rẹ̀ ti yá. Àìsàn tèmi padà wá. Mo kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá ti wá fún àyẹ̀wò, ó máa ń wá jókòó tì mí, ó máa ń fi òróró pa ẹsẹ̀ mi. Inú mi kò tíì yọ́ sí i. Kí ó kọ́ bí a ṣe ń ránṣọ. Òun ṣì ní àkókò láti kọ́ ọ.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Ìrètí Ẹniọlá Odùkálẹ̀

Ó ṣojú wa:
Tìmílẹ́yìn Ṣówándé
Afusat Bákàrè