Bí Ìdílé Eku Ṣe Wá Tọrọ Ọmọ Ìjàpá

Sakrapara,
Gumla, Jharkhand.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Igbe, 2019.

Sukhmani, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ oko tíì kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi ní Assam. Ara wa le níbí. Èmi kàn ń rẹ́rìn-ín káàkiri ilé bí ẹni tó mutí yó ni, bẹ́ẹ̀ mi ò tọ́ ọ wò.

Wọ́n ti gbà kí n fẹ́ Charwa! Díẹ̀ báyìí ló kù kó bàjẹ́.

O mọ̀ pé bàbá mi ni pahan, àwọn ló ń bá gbogbo abúlé bọ igbó igi sal. Etí wọn ti gbọ́ pé Charwa ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Ranchi pé ẹ̀dá ń yí padà láti ìran dé ìran, pé ọ̀bọ ló bí wa. Wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ fún ẹni tó ń bú baba ńlá àwọn. Nígbà tí ìdílé Tirkey, àwọn èèyàn Charwa, wá tọrọ mi lẹ́yìn ọdún Sarhul tá a fi ń bọ igi sal, ẹnu ọ̀nà ni bàbá ti bi Charwa bóun náà ṣì lè tẹrí ba fún igi.

Charwa ní, "Ọ̀bọ kì í ṣe baba wa, bàbá, ìbátan wa ni. Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ìbátan ẹ̀yin Ekka ni ìjàpá, ẹ kì í jẹ ẹ́. Àwa Tirkey kì í jẹ eku. Ìwé wa kàn ní igi sal náà wà nínú ẹbí ni. Ṣé n ò wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi?"

Inú bàbá dùn débi pé àwọn fúnra wọn ló bu ọtí ìrẹsì fún un. Èmi ti ń ronú sárì tí n ó wọ̀. Àmọ́ ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Charwa mu díẹ̀ sí i, ló bá ní téèyàn bá wá a dé ìdí, ìyá kan ṣoṣo ló bí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí.

Bàbá gbé ife ewé ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ìyá kan náà? Àbúrò rẹ ni Phulo ọmọ mi nìyẹn. Ọmọ ìyá kì í fẹ́ra."

O mọ bí èèwọ̀ yẹn ṣe tó láàárín wa. Àwọn èèyàn Charwa ti ń wá bàtà wọn. Omi lé sí mi lójú, mo sì gégùn-ún fún gbogbo ìwé tó kà.

Màmá mi ló sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò. "Bàbá Phulo, èmi àtẹ̀yin náà ti di ọmọ ìyá nìyẹn. Ẹ ká ẹní yín kúrò ní yàrá mi."

Ẹ̀rín sọ. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Torí pé ọmọ ìyá kan ni wá làwọn àgbà ṣe pín wa sí ti ìjàpá, ti eku, ká lè rí ara wa fẹ́."

Bàbá họrí títí. Wọ́n wá gbé ọtí lọ sídìí igi sal inú àgbàlá, wọ́n ta á sílẹ̀, wọ́n ń kí ẹbí: ẹyẹ, alángbá, èèrà, koríko pàápàá. Ìrẹsì tá a sè fún àlejò ti tutù, kò sẹ́ni tó lè ráhùn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fà mí lé ìyá Charwa lọ́wọ́.

"Ẹ máa mú un lọ. Ilé ẹbí náà ló ṣì ń lọ."

Mo sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Tó ò bá wá, má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Bá mi kí ọkọ rẹ àti màmá yín, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, tìrẹ láéláé,
Phulo Ekka