Àwo Ọ̀gá Rẹ Nínú Iná Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ọ̀gá yín obìnrin sọ pé kí òun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, amọ̀ kò tí ì mọ ohun tó lè dà láyé. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ, nínú fóònù tí bàbá rẹ gbé ka orí àga fún mi, níbi tí obìnrin náà ti dúró láàárín yín nínú ẹ̀wù funfun bíi ti dókítà, tí gbogbo yín sì ń pàtẹ́wọ́. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń bá lọ. Bàbá rẹ ní kò lè gbọ́ mi, pé àná ni wọ́n ti ká a sílẹ̀. Àná kẹ̀? Ẹni tó mọ̀ lánàá pé òun ń bọ̀ wá wọ ilé onílé lónìí, ṣé kò yẹ kó ti fi ìkíni tirẹ̀ sílẹ̀ de onílé ni?

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Kí Ọlọ́run tó mọ wá, tí kò sì tí ì jẹ́ kí a bọ́ lọ́wọ́ òun, máa fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbé ìwọ náà, kí o má sán, kí o má fọ́, kí o gbó kí o tọ́. Àmín. Àwa náà wà. Orúnkún ń dun bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì. Òrùlé ibi tí mo ń sá ìkòkò sí ti ń jò, mo sì ti gbé abọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Mo gba lẹ́tà tí o fi ṣàlàyé iṣẹ́ yín, mo kà á títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. O ní ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sẹ̀rámíìkì. O ní kí a wa amọ̀ tàbí òkúta nínú ilẹ̀, kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a fi omi pò ó, kí a fún un ní ìrísí, kí a jẹ́ kó gbẹ, kí a wá fi iná sun ún títí tí kò fi lè padà di ẹrẹ̀ mọ́ láéláé. Mo pe bàbá rẹ, mo ní kó wá bá mi wá ibi tí èyí ti yàtọ̀ sí ohun tí mo ti ń ṣe kí a tó bí ọ. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á látòkèdélẹ̀, ó ní ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ń gba owó oṣù nídìí tiwọn.

O ní ẹ kì í fi ọwọ́ mọ ọ́n. O ní ẹ ń da amọ̀ tó ṣàn bí omi sínú ihò kan tí wọ́n fi ẹfun líle ṣe, ẹfun náà á fa omi rẹ̀ mu, àwo á sì dì síbẹ̀. Ẹ ó wá rì í bọ omi òkúta kan tí iná yóò sọ di dígí lára rẹ̀. O ní iná yín gbóná tó ìlọ́po méjìlá omi tó ń hó, àti pé ẹ̀rọ kan wà lára ògiri tó ń sọ fún yín ibi tó gbóná dé. Kó tó di pé ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, kí ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń fi ojú wọn ṣe? Bí ìkòkò bá ti pọ́n bí oòrùn tó fẹ́ wọ̀, ó ti jiná.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti òpó iná. O ní àwọn ife funfun tó wà lókè òpó, sẹ̀rámíìkì ni wọ́n, àwọn ni kì í jẹ́ kí iná mànàmáná gba ara òpó sọ̀ kalẹ̀ wá pa ènìyàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ri òpó àdúgbò wa, mo rò pé ife omi ẹyẹ ni wọ́n gbé síbẹ̀, tí ẹni tó gbé e sì dojú rẹ̀ dé nítorí pé kò mọ iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bú onítọ̀hún. Bí ọ̀dọ̀ yín ló bá ti ń ṣiṣẹ́, bá mi tọrọ àforíjì. O tún ní wọ́n ń fi ṣe eyín. Òótọ́ ni, ìyàwó télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní méjì lẹ́nu. Mo kìlọ̀ fún un kó má mu gbígbóná lé tútù, kí eyín má baà sán, ó sì ti bínú sí mi di òní.

Ohun tó ń dùn mí wá nìyí. Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí, kí wọ́n lè fi ọ́ ṣe olórí nídìí ààrò, mo kà á. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìyá, o kọ orúkọ mi, mo dúpẹ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ amọ̀, orúkọ ọ̀gá rẹ ni mo bá níbẹ̀, o sì kọ "Ìyá Wa" ṣáájú rẹ̀. Ìyá wa! Ìyá mélòó ni mo bí ọ fún? Ta ló kọ́ ọ pé kí o lọ àpáàdì mọ́ amọ̀ kó má baà là? Ta ló sọ fún ọ pé ìkòkò tí inú rẹ̀ ṣì tutù kò gbọdọ̀ rí iná, pé omi inú rẹ̀ yóò di ooru, yóò sì fọ́ ọ? Òun náà ni?

Àwo funfun tí ọ̀gá rẹ ní kí o fi ta mí lọ́rẹ dé láyọ̀. Mo fi èékánná kàn án, ó dún bí agogo. Mo kan tèmi, ó ní gbì. Gbogbo ẹni tó bá yà nílé wa, àwo yẹn ni wọ́n ń béèrè. Ìyàwó télọ̀ fi wo ojú, ó ní irú ọwọ́ wo nìyí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo mọ gbogbo ìkòkò tó wà nínú ilé rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ tí mo fẹ́ sun ìkòkò, mo fi àwo náà sí ìdí pátápátá, mo to tèmi lé e lórí, mo kó igi àti koríko bò ó. Mo ní bó bá jẹ́ amọ̀ lóòótọ́, kó wá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé inú iná.

Ọmọ mi, kò pẹ́ tó ṣe pàá! Iná ojijì ni kò mọ̀; tèmi mọ̀ ọ́n nítorí àpáàdì inú rẹ̀. Inú mi dùn, mo fẹ́ẹ̀ jó. Àfi bí ìdí ṣe yẹ̀, tí òkè ya lulẹ̀, tí ìkòkò tèmi méje sì lọ. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ó ní ọ̀gá yín kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ń jà, ó sì ti borí. Mo ṣa àfọ́kù àwo náà, mo lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀ tuntun. Amọ̀ náà dára gan-an. Má sọ fún un.

Ní ti fọ́ọ̀mù, n kò fa orúkọ ọ̀gá rẹ rẹ́ o. Mo kàn fi àtàǹpàkò tó ní amọ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí díẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá rẹ sọ pé ipò náà lè tìtorí ẹ̀ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, mo sáré fi aṣọ tútù nù ún, ó sì tàn dé orúkọ tèmi náà. Nítorí náà, gba òmíràn sílẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá, màá wá fọwọ́ sí i níbẹ̀ fúnra mi. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, fi ti páànù òrùlé kún un, kí o sì fi lé ẹni tó ń bọ̀ nílé lọ́wọ́. Èyí tí o gba inú fóònù fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, akọ̀wé báńkì ní ó ti wọlé, mo wá gbogbo inú ilé, n kò rí i.

Iná ayé kò ní jó ọ kọjá bó ṣe yẹ. Ibi tí wọ́n bá gbé ọ kà, wàá jókòó ire. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n nídìí iṣẹ́, àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò sì kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ìyá rẹ, ẹyọ kan ṣoṣo tó bí ọ, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Nígbà tí mo bá dé, tí èmi àti ọ̀gá rẹ sì jọ dúró níwájú rẹ, ta ni wàá kọ́kọ́ kí?