Ìyá Sàláúdéènì Kì Í Ṣe Iwin

Ilé Bàbá Tísà,
Bẹyẹrúnkà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Olúbùnmi, ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baba àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà fún ọ láti gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, mo dúpẹ́.

Mo gbọ́ pé o ní kí Olúdayọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ, dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó òun àti Mutmainnah dúró. O ní kì í ṣe nítorí ẹ̀sìn. O ní nítorí ìyá bàbá ọmọbìnrin náà ni, olóògbé Ìyá Sàláúdéènì, alágbàtọ́ tí ó tọ́ èmi àti àwọn àbúrò mi. O ní iwin ni. Èmi tí wọ́n tọ́ ni ó yẹ kí o kọ́kọ́ bi.

Èkíní, àhesọ náà ní wọ́n wọ ilé wa nínú òjò, ẹsẹ̀ wọn kò sì tutù. Ẹsẹ̀ wọn tutù. Láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti mú wọn wá, nígbà tí ìyá mi bí àbíkẹ́yìn tí àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi gbẹ, nítorí wọn kò fẹ́ kó ẹrẹ̀ wọ yàrá aláìsàn.

Èkejì, ó ní ewúrẹ́ ń gbọ́ èdè wọn. Èèpo iṣu ni wọ́n máa ń dì sí etí ìró. Ewúrẹ́ wo ni kò ní tẹ̀lé wọn?

Ẹ̀kẹta, ó ní wọ́n ń mọ irọ́ kí ọmọdé tó pa á. Èyí jẹ́ òótọ́. Àbúrò mi Ọládèjì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi, òun kò sì lè fi nǹkan pamọ́ bí ó bá ti rí àkàrà.

Ẹ̀kẹrin, ó ní wọ́n pòórá. Nígbà tí ara ìyá mi yá, àwọn àgbà ilé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ nígbà tí a bá wà ní ilé-ìwé, kí àbíkẹ́yìn má baà dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. A dé, a bá ẹní wọn ní kíká lára ògiri. Ìyá mi kàn ní wọ́n ti padà síbi tí wọ́n ti wá. Ọládèjì kò dáwọ́ ẹkún dúró títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí Ọládèjì di bàbá, ó fi wọ́n ṣe àlọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀rányàn. Nínú àlọ́ náà, òjò kì í pa wọ́n, ewúrẹ́ a sì máa kí wọn. Esther, ọmọ rẹ̀, ni àwọn tí o rán láti wádìí ìdílé ìyàwó lọ bá. Ó pa àlọ́ náà fún wọn, wọ́n sì gbé e wá fún ọ bí ẹ̀rí. Mo bá Esther wí. Ó ní, “Màmá, ṣebí mo ké ‘Ààlọ́ o!’ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà dáhùn ‘Ààlọ̀!’ Wọ́n tún bá mi gberin!”

Olúbùnmi, ohun tí èmi rántí kò ní idán nínú. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òkè Màpó bá ti ń ṣókùnkùn, wọn a ké sí wa láti ẹ̀yìnkùlé: “Ẹ̀yin ọmọ Tísà, ṣé ẹ ń bọ̀ wá wẹ̀ ni, àbí kí omi wá kí yín nínú ilé?” Kànìnkànìn wọn le, ọwọ́ wọn rọ̀. Bí mo bá ń gba Ìdí Arẹ̀rẹ̀ kọjá lónìí tí òórùn ọṣẹ dúdú bá ta sí mi nímú, mo máa ń dúró díẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Bí o kò bá fẹ́ Mutmainnah, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Olúdayọ̀. Má ṣe fi òkú ẹni tí ó wẹ̀ fún mi bojú. Bí ẹ bá sì wá tọrọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìdílé ìyàwó ni èmi yóò jókòó sí. Mo ti sọ fún Sàláúdéènì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ mi ni àga yín máa wà.”

Bá mi kí baba àwọn ọmọ, kí o sì kí Olúdayọ̀ dáadáa. Bí o bá ń fèsì, ọjọ́ ìtọrọ ni kí o kọ sí mi. Ọ̀rọ̀ iwin, n kò ní dáhùn rẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe nínú ìwé, ìbáà ṣe lójúkojú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àtijọ́,
Ayọ̀délé