Ohùn Iwin Arúgbó

Sátidé, ní Òṣogbo

Inú ń bí mi gan-an, mi ò tiẹ̀ lè jẹun.

Nígbà tí fíìmù tí wọ́n fi ìwé ìtàn iwin kan ṣe kọ́kọ́ jáde, wọ́n gé ibi tí wọ́n ti lo ohùn mi fún iwin arúgbó kúrò. Mo ṣe sùúrù. Èyí tó gùn, tí wọn ò gé nǹkan kan nínú ẹ̀, ló dé lónìí. Mo pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀.

Iwin la ẹnu. Ohùn Màmá Iléṣà, ìyá ìyá mi tó ń bá wa gbé, ni mo fara wé fi sọ̀rọ̀ ẹ̀, tikọ́tikọ́.

Gbogbo ilé pariwo: "Háà! Màmá, ẹ̀yin nìyẹn!"

Mo ní, "Èmi ni o!"

Bọ̀dá Wàsíù, ẹ̀gbọ́n mi, ní, "Òpùrọ́! Ṣebí ìwọ lo ṣe ohùn ládàánì tó ń pe ìrun lọ́jọ́sí, tá a fi sáré kírun ṣáájú àkókò?"

Ṣé ìyẹn ò tó ẹ̀rí pé mo lè fara wé ohùn ẹlòmíì ni?

Mo yíjú sí Màmá pé kí wọ́n gbè mí. Wọ́n tún gèlè wé. "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi."

Mo bá wọn wọ yàrá, mo ní ìrẹ́jẹ nìyí. Wọ́n ní, "Ta ló ni ohùn náà?" Wọ́n wúkọ́ bí iwin yẹn gẹ́lẹ́. "Tí wọ́n bá tún pè mí sí fíìmù míì, ìwọ náà ni màá rán lọ."