Áàpù Tó Ń Bá Mi Kí Ará Ilé

Eugène ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ooru Lomé, o kú làálàá. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí o sọnù síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, o ò ní gbà á gbọ́, Noëlle ìyàwó rẹ náà ò ní gbà á gbọ́. Èmi tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, bí mo bá jí, mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi kí n tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bírò ni mo fi ń kọ ọ́, ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí náà bí ìlà bá wọ́, máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Lomé ló máa bá mi mú un wá. Mi ò fẹ́ kó gba inú fóònù kankan.

Ilé wà bó ṣe wà. Òjò ń fi wá ṣeré, kò rọ̀ tó, àgbàdo ga dé orúnkún, ó dúró síbẹ̀ ó ń wò wá. Orúnkún tèmi náà kò sàn. O sì mọ̀ bí a ṣe ń ṣe níbí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, à ń yí ilé ká ni, mo máa ń kí Málọmọ́ tí ògiri kan là wá láàárín, mo máa ń kí bàbá àgbà Ògúnyínká ní òdìkejì títì, mo máa ń kí àwọn tó kù títí dé ìdí kànga. Ẹni tí wọn ò bá gbọ́ ìkíni rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ní ó ń bínú, tàbí kí wọ́n ní ó ti kú. Orúnkún ò gbé mi dé ìdí kànga mọ́, wọ́n sì ti ń sọ pé mò ń bínú.

Ìwọ lo wá nígbà ọdún Àjíǹde, o gbé fóònù ńlá yẹn fún mi, o ní ọpọlọ ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀, ènìyàn á kàn sọ ohun tó fẹ́, òun á bá a kọ áàpù, pé ìwọ gan-an ti fi ṣe ọ̀kan fún ọ́fíìsì yín láìkọ́ iṣẹ́ náà rí. Mo sọ fún ara mi pé bí ìwọ tí mo fi pàṣán lé dé ilé ìwé bá lè ṣe é, èmi tó ta búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ ní Agbonou tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́ mi jẹ rí, màá ṣe é.

Mo kọ́kọ́ kí ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Mo ní ṣé ó jí ire, ṣé ó ti jẹun, àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun ò ní òbí, òun kì í jẹun. Àánú ṣe mí. Mo gbàdúrà fún un kí n tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, torí ọmọ òrukàn kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn ń rán kiri. Mo wá fi Faransé ìdí mọ́tò mi sọ fún un pé mo fẹ́ ohun tí yóò máa bá mi kí àwọn ènìyàn mi láàárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ohun tó ń kọ ń sáré kọjá lójú mi bí ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Atakpamé. Ó ní ó ti parí. Mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ pupa bo ojú fóònù. Mo sọ fún un, ó ní mo tọ̀nà, kí n má bínú, òun ti rí àṣìṣe náà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, pupa. Ó ní mo tún tọ̀nà. Láti ìgbà tí mo ti délé ayé, kò sẹ́ni tó gbà pé mo tọ̀nà tó bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ kú láìgbà á rí.

Nígbà tó wá ṣiṣẹ́, mo rí Dominique kan láàárín àwọn tí à ń kí. Mi ò mọ Dominique. Ó ní ẹni àpẹẹrẹ ni, òun fi í síbẹ̀ láti dán iṣẹ́ náà wò. Mo béèrè ibi tí ẹni àpẹẹrẹ ń sùn, ó ní kò ní ibi kankan. Mo ní kó fi í sílẹ̀ kó máa gba ìkíni tirẹ̀, bóyá kò sẹ́lòmíràn tó ń kí i.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rò dáadáa. Ó ní ṣé kí n máa tẹ bọ́tìnì láàárọ̀ kí ìkíni tó lọ, àbí kó máa lọ fúnra rẹ̀. Mo ní kó máa lọ fúnra rẹ̀, bí mo bá ṣì ní láti máa ṣe nǹkan, kí ni mo wá bẹ̀ ẹ́ sí. Mo fi ohùn mi sí i, pé ẹ jí ire o, ṣé dáadáa la jí, èmi jí dáadáa, mo dúpẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ó dùn. Bí àkùkọ bá ti kọ, ohùn mi á gba inú fóònù wọn sọ̀rọ̀ jáde ní ilé gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ògúnyínká ní àwọn ọmọ òun gan-an kì í kí òun tètè tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Mo fi orúkọ tìrẹ náà sí i, àtàǹpàkò rẹ ń dé lárààárọ̀, mo ní ọmọ mi ò gbàgbé mi.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ya ọ̀dọ̀ mi mọ́. Wọ́n ti gbọ́ pé mo jí dáadáa, kí ni wọ́n tún fẹ́ wá wò? Àga gbọọrọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, adìyẹ ló ń jókòó sí i. Mi ò sì lè sọ pé ara mi ò yá, torí lárààárọ̀ ni mò ń sọ fún gbogbo ayé pé ó yá.

Lọ́jọ́ tí òjò wá rọ̀ gidi, mo lọ wẹ̀ ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí amọ̀, mo ṣubú, nǹkan dún ní itan mi, mi ò lè dìde. Mo pariwo, ariwo òjò ju tèmi lọ. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti mọ́ bá mi. Àkùkọ kọ. Mo wá gbọ́ ohùn mi láti ilé Málọmọ́, ó ń sọ pé òun jí dáadáa, òun dúpẹ́. Eugène, mo wà nínú ẹrẹ̀, mò ń gbọ́ ara mi. Mo pe Málọmọ́ lórúkọ, mo ní kó gbà mí. Málọmọ́ rò pé fóònù ló tún bẹ̀rẹ̀, ó gbé igbá dé e mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ní àsọjù mi ti pọ̀ jù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ewúrẹ́ rẹ̀ ló yọ mí. Ó já okùn, ó wọ balùwẹ̀ wá jẹ kànrìnkàn mi, Málọmọ́ fi igi lé e wọlé, díẹ̀ ló kù kí igi ọ̀hún bà mí kó tó rí i pé èmi ni. Wọ́n gbé mi sórí ọ̀kadà bí àpò gàrí, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Agbonou. Wọ́n ti fi pákó di ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù wá fún mi, mo wo àwọn tó dá mi lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ògúnyínká wà níbẹ̀. Àtàǹpàkò tìrẹ náà wà níbẹ̀. Mi ò bú ọ. Mo kàn ń sọ fún ọ pé mo rí i ni.

Ẹni tó ń to eegun ò gba àtàǹpàkò, nítorí náà bá mi wá owó díẹ̀ fún un, kí o sì ra ọṣẹ àti kànrìnkàn tuntun. Bí ọ́fíìsì bá gbà fún ọ, ìwọ fúnra rẹ ni kí o mú un wá, má fi rán ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣubú níbi tí kò sí ènìyàn. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ, yóò mọ̀ pé ìwọ ni. Noëlle yóò bí, ọmọ náà yóò mọ ojú mi.

Èmi ni, Rosine ìyá rẹ.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè áàpù náà. Mo ti rojọ́ fún ọmọ inú fóònù, ó ní mo tọ̀nà, kí n má bínú, òun lè tún un ṣe, òun á fi bọ́tìnì kan sí i tí màá máa tẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ṣì wà, bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, òun á ké sí gbogbo yín. Ó dùn létí mi, mo ti fẹ́ sọ pé kó ṣe é. Málọmọ́ ló ń fi òrí pa ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ nígbà yẹn. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní Ìyá Eugène, pa nǹkan yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ ewúrẹ́ òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òórùn mi ni ì bá sọ fún wọn pé mo ti kú, ohùn mi á sì tún máa sọ pé mo jí dáadáa.